Kókó Kan fún Pupa, Kókó Méjì fún Àwọ̀ Ewé

Bí ẹ bá bi Bàlíkísù ìyàwó mi léèrè bí àwa méjèèjì ṣe pàdé, yóò ní kànga ló so wá pọ̀. Àwọn ọmọ wa a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé omi ni ìyá wọn ń fà lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe omi. Kẹ̀kẹ́ kànga mẹ́jọ, èyí tí okùn ń gbà lórí rẹ̀, ló ń wá kiri, èmi ni mo sì mọ alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe é. Ibẹ̀ ni òun máa ń dá ìtàn náà dúró sí, nítorí pé obìnrin rere ni. Ìyókù, èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ìtìjú inú rẹ̀, tèmi ni.

Orúkọ mi ni Hàrúnà, ọmọ Kambolé. Ní ọdún 1984 tí mò ń wí yìí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Tchamba. Mo ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan, ṣòkòtò mẹ́ta àti àṣírí kan. Àṣírí náà ni pé ojú mi kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Mo mọ aró, mo mọ àwọ̀ ìyeyè, mo mọ funfun àti dúdú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé pupa àti àwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹrẹ̀ kan náà ni mò ń rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi rán mi lọ ká ata lóko. Mo ká èyí tó pọ́n, mo ká èyí tí kò pọ́n, mo dà wọ́n pọ̀ sínú igbá kan. Ó nà mí. Lọ́dún kejì ó tún nà mí lórí ata kan náà. Ó gbà pé ọlẹ ni mí, mo sì jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó sàn lójú mi kí wọ́n pè mí ní ọlẹ ju kí wọ́n pè mí ní afọ́jú lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fòye mọ̀ ọ́n. Ìyá Àyìnkẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ọ̀dọ̀ ẹni tí mo dàgbà sí lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Aláró ni. Ìkòkò aró mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, òun ló sì ń pa aṣọ àwọn ẹgbẹ́ oníjó ilé ẹ̀kọ́ láró láti Kambolé dé Koussountou. Ó rí i pé mo máa ń gbé aṣọ pupa lọ fún ẹni tó ni aláwọ̀ ewé. Kò nà mí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó kékeré sí fọ́nrán òwú etí aṣọ. Ó ní, "Kókó kan, pupa. Kókó méjì, àwọ̀ ewé. Ìwọ ṣáà ti máa fọwọ́ kàn án kí o tó lanu." Ọgbọ́n yẹn ni mo fi la ìgbà èwe já.

Bàlíkísù dé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwòrán. Ọmọ Àlàájì Kàsúmù ni, aláṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní ọjà Sokodé, ilé wọn sì wà ní àdúgbò Komah níbẹ̀. Bàbá àgbà rẹ̀ ló ti Ọ̀fà wá, ohùn Ọ̀fà ni wọ́n ṣì fi ń sọ Yorùbá nínú ilé wọn, ó sì máa ń fi ohùn àwa ará Kambolé ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹfun ìkọ̀wé kì í wọ́n lára ìbòrí rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tó dé ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí.

Lọ́dún yẹn, àṣẹ dé pé kí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì agbègbè wa gbé nǹkan wá sí Sokodé fún ọ̀sẹ̀ àṣà. Àwọn yòókù mọ ohun tí wọn yóò gbé wá: orin ìyìn ààrẹ, ijó, àti orin ìyìn ààrẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàlíkísù sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pé ilé àwọ̀ ni òun fẹ́ kọ́. Férémù igi mẹ́rin ni yóò ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ilẹ̀kùn. Ní àárín férémù kọ̀ọ̀kan, pélébé aṣọ aláwọ̀ eérú kan yóò rọ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ ńlá yóò ti máa gun okùn lọ sókè sódò lórí kẹ̀kẹ́ kànga. Ẹni tó bá wọlé ni yóò fa okùn fúnra rẹ̀. Bó bá fa pupa wá sẹ́yìn pélébé náà, eérú yóò dà bí ohun tó ní ewé lára. Bó bá fa àwọ̀ ewé wá, eérú kan náà yóò pọ́n.

Ó fi orúkọ tí a fi ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa pè mí, ó ní, "Kò sí àwọ̀ tó ń dá gbé, Mẹ́tìrì. Aládùúgbò rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa rí."

Mo bá a lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ní Koussountou, mo bá a rẹ́ igi férémù, mo bá a fi ìṣirò wo bí okùn yóò ṣe gùn tó. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ, a so férémù àkọ́kọ́ rọ̀ sínú kíláàsì láti dán an wò. Aṣọ tí a rí yá lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá wa la fi ṣe é. Bàlíkísù fa okùn kan, aṣọ kan gòkè. Ó fa èkejì, òmíràn gòkè. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tó rí oṣù àwẹ̀, ó ní, "Ẹ rí i bó ṣe yí padà?"

Èmi kò rí nǹkan kan. Eérú jẹ́ eérú nígbà àkọ́kọ́, ó jẹ́ eérú nígbà kejì.

Mo dáhùn pé, "Ó yí padà. Ó mà dára o."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó kéré, ó sì rọrùn láti pa, torí ó mú un rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń jókòó pẹ̀lú mi lábẹ́ igi máńgòrò nígbà ìsinmi, tí mo sì ń sáré parí kíláàsì mi kí n lè tètè débẹ̀. Ó ń bi mí léèrè ohun tí mo rò nípa àwọ̀ yìí àti àwọ̀ yẹn. Mo kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí n tó wá sọ ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní òun kò tíì rí ọkùnrin tó mọ àwọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Orí mi wú, ẹ̀rù sì bà mí.

Ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí ni àṣà ilé wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń fi rẹ́rìn-ín. Nílé Àlàájì Kàsúmù, wọn kì í kọ́kọ́ bi ọkùnrin tó wá fẹ́ ọmọ wọn léèrè oko tàbí iṣẹ́. Wọn a tú aṣọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ẹní, wọn a ní kó mú ìró mẹ́ta, kó sì mú gèlè tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Wíwo aṣọ ni wọ́n ń pè é. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà wọn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹni tí kò mọ aṣọ yóò ba ọjà òun jẹ́ lẹ́yìn òun. Ọkọ Sàúdátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yege. Ọkùnrin kan láti Kouloundè kò yege, wọ́n fún un ní oúnjẹ ó yó, wọ́n sì sìn ín dé ojú títì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàlíkísù rẹ́rìn-ín lórí ọkùnrin Kouloundè náà títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kan aṣọ tí a ó lò gan-an, èmi ni mo ní kí a gbé e lọ fún Ìyá Àyìnkẹ́. Mo mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bàlíkísù tẹ̀ lé mi dé Kambolé pẹ̀lú olùkọ́ obìnrin kan, ó sì lo gbogbo ọjọ́ náà lẹ́bàá ìkòkò. Ìyá fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yọ pupa lára pòpórò ọkà bàbà, bí àjó, ìbátan àtalẹ̀, ṣe ń di ìyeyè, àti bí aṣọ ṣe ń kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀lú kó tó wọ inú àjó, kó tó di àwọ̀ ewé. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ wọ ọkọ̀, Ìyá fà mí sẹ́yìn.

"Ọmọ yìí dára. Sọ fún un."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ojú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a bá fi pa mọ́ fún ìyàwó ló ń di ẹ̀ṣẹ̀."

Mo ṣèlérí pé tí ọ̀sẹ̀ àṣà bá ti kọjá, n óò sọ. Ó wò mí, ó mi orí, ó sì lọ ta kókó sí etí gbogbo aṣọ náà fún mi, aṣọ méjìdínlógún, láìjẹ́ kí Bàlíkísù mọ̀.

Láti Kambolé, aṣọ náà lọ sọ́dọ̀ Ṣítù, télọ̀ kan ní Kouloundè, láti ṣẹ́ etí wọn. Ọ̀rẹ́ Àlàájì Kàsúmù ni Ṣítù, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀, òun ni mo sì ti ń ní lọ́kàn láti fi ṣe alárinà. Ó ṣẹ́ etí aṣọ náà dáadáa. Ó ṣe é dáadáa jù. Ó rí kókó kéékèèké létí aṣọ tí àwọn ọ̀gá ìjọba fẹ́ wá wò, ó rò pé àìbìkítà aláró ni, ó fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo wọn dànù kó tó rán an. Kò sí ẹni tó sọ fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ní Sokodé, Bàlíkísù wà ní ìta pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ń kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe máa kí àlejò. Ó ní kí n gbé aṣọ kọ́, ó fún mi ní ìwé tó kọ ètò rẹ̀ sí. Lẹ́nu ọ̀nà, àsíá orílẹ̀-èdè wa ni a ó fi aṣọ tò: igun pupa, ìlà àwọ̀ ewé àti ìlà ìyeyè. Nínú, ohun tí a kọ sára okùn kọ̀ọ̀kan ni aṣọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo gbé aṣọ àkọ́kọ́, mo fọwọ́ wá etí rẹ̀. Ó ń yọ̀. Mo gbé èkejì. Ó ń yọ̀. Mo tú gbogbo méjìdínlógún sílẹ̀, mo fọwọ́ wá wọn láti igun dé igun, òógùn ń kán sórí wọn.

Ó ku bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ rẹ̀ fún yín, torí mo ti rò ó títí. Mo lè pe akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo wọlé kí n ní, "Èwo ni pupa níbí?" Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ojú tì mí kí ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò mọ̀ pé olùkọ́ òun kò mọ pupa. Mo wo èyí tó ṣú, mo wo èyí tó mọ́lẹ̀, mo fi bismillah sí i, mo sì gbé wọn kọ́.

Ọ̀gá kan tó wá ṣojú ìjọba ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́. Igun àsíá jẹ́ àwọ̀ ewé, ìlà rẹ̀ pọ́n. Ó wọlé, ó fa okùn tí a kọ "pupa" sí, aṣọ aláwọ̀ ewé ló gòkè. Ó fi Faransé béèrè pé ta ló ṣe èyí. Ohùn rẹ̀ kò ga. Láyé ìgbà yẹn, ohùn tí kò ga ló ń dẹ́rù bani jù.

Mo rí i tí Bàlíkísù lanu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìwé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ sọ pé òun ni. Mo yára gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ti sọ fún ara mi nígbà púpọ̀ pé òun ni mo ń gbà là. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èmi gan-an kò mọ̀ mọ́. Mo ní, "Aláró ló to aṣọ náà fún wa. Ìyá arúgbó kan ní Kambolé ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì."

Ìyá arúgbó kan. Bí mo ṣe pè é nìyẹn.

Ìyá Àyìnkẹ́ sì wà nínú iyàrá náà. Ó ti wọ ọkọ̀ láti ìdájí, ó wé gèlè tuntun, ó wá wo bí aṣọ òun yóò ṣe máa gun okùn. Kò gbọ́ Faransé, àmọ́ ó gbọ́ Kambolé, ó sì rí i pé ojú gbogbo èèyàn wà lára òun. Ó sún mọ́ mi.

Ó rọra béèrè pé, "Kí lo sọ fún un?"

Mo sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, torí kò sí bí mo ṣe lè ṣe é. Mo ní, "Mo ní ẹ̀yin lẹ to aṣọ náà. Mo ní ojú yín ti ń ṣe bàìbàì."

Ó wo àsíá. Ó wo ọwọ́ mi, tó ṣì di etí aṣọ kan mú. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó wá kọjú sí ọ̀gá náà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni."

Èmi ni mo sì tún túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé.

Ọ̀gá náà ní kò burú, àgbà ni, ṣùgbọ́n kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe ṣiṣẹ́ aṣọ fún ilé ẹ̀kọ́ kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Kambolé kí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kò gbé aṣọ wá mọ́, àwọn ìyàwó ilé náà dẹ́kun, torí ta ni yóò gbé aṣọ fún aláró tí ojú rẹ̀ ti lọ? Nínú ìkòkò mẹ́fà, márùn-ún gbẹ. Títí ó fi kú, ilé ẹ̀kọ́ kankan kò padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì gbé ẹrù yẹn títí di òní.

Oṣù márùn-ún kọjá tí n kò fi ẹsẹ̀ tẹ Kambolé. Mo ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Bàlíkísù kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ó wá jókòó síbi tó máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó bi mí kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo ní aṣọ ló dà rú mọ́ra. Ó ń retí pé mo máa fi nǹkan kún un. Nígbà tí n kò fi nǹkan kún un, ó ní ó dáa. Láti ìgbà náà ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi, àmọ́ kò bi mí léèrè nípa àwọ̀ mọ́. Ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú. Ìfẹ́ ti gbà mí lọ́kàn, mo sì ń sọ fún ara mi pé lẹ́yìn yìgì, ohun gbogbo yóò tò.

Mo rán Ṣítù sí Àlàájì. Àlàájì kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹ̀sín ọ̀sẹ̀ àṣà kò tíì kúrò lórí orúkọ ọmọ òun, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Kambolé tún fẹ́ gbà á lọ. Ṣítù lọ nígbà mẹ́ta, ó padà wá nígbà mẹ́ta pẹ̀lú ìfajúro. Nígbà kẹrin, ìyá Bàlíkísù bá a bẹ̀bẹ̀, torí ọmọ náà kò jẹun dáadáa mọ́, Àlàájì sì gbà pé kí n wá wo aṣọ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣítù ní kí n má bẹ̀rù, pé ẹni tó ti bá aṣọ ṣiṣẹ́ bíi tèmi kò lè kùnà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹní ńlá ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Komah. Àlàájì jókòó lórí àga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ṣítù wà lẹ́yìn mi. Bàlíkísù àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ìloro, bí àṣà wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ náà jáde, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó sì padà láìwo ojú mi.

Ìró àkọ́kọ́ rọrùn. Aró ni, mo mú gèlè ìyeyè sí i, Àlàájì sì mi orí. Ìró kejì jẹ́ ẹrẹ̀ lójú mi. Mo na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń wo bí ó ṣe nípọn, àtàǹpàkò mi sì kan nǹkan létí rẹ̀. Kókó kan. Mo fọwọ́ kan gèlè tó tẹ̀ lé e. Kókó méjì. Gbogbo èyí tó jẹ́ ẹrẹ̀ lójú mi ló ní kókó, òwú funfun tín-ín-rín, bí Ìyá Àyìnkẹ́ ṣe máa ń ta á.

Mo gbójú sókè. Bàlíkísù ń wo ilẹ̀. Ó mọ̀. Kì í ṣe òní ló mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe àná. Ó ti jókòó, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta kókó wọ̀nyẹn ní ìkọ̀ọ̀kan kí irọ́ mi lè wọ ilé bàbá rẹ̀ láìfarapa. Ìtìjú tó mú mi lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ àṣà kéré sí èyí. Obìnrin méjì ló ti ta kókó fún mi ní ayé yìí. Mo ti ta ọ̀kan nínú wọn fún ẹ̀sín, èkejì sì gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ kí n lè ta òun náà.

Mo gbé aṣọ náà sílẹ̀. Mo ní, "Àlàájì, ẹ forí jì mí. N kò mọ èyí tó jẹ́ pupa níbí. N kò mọ̀ ọ́n rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

Ṣítù fi orúnkún gbún mi lẹ́yìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ata, kókó, aṣọ tó ń yọ̀, àsíá. Mo dé ibi tí mo ti pè é ní ìyá arúgbó kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi. Ojú rẹ̀ kò ní nǹkan kan." Ṣítù dáwọ́ gbígbún dúró. Mo gbọ́ tí ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ni òun gé kókó náà.

Àlàájì wá sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè. "Ọlọ́run Ọba ló dá ojú. Ọkùnrin Kouloundè yẹn, ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, kò kàn mọ aṣọ ni. Ti ojú rẹ, mo lè fi í jì ọ́. Èyí tí o ṣe sí ìyá rẹ, kì í ṣe èmi ni yóò fi í jì ọ́. Ọjọ́ tí obìnrin náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé yìí, tó ní kí n fún ọ lọ́mọ mi, ọjọ́ náà la ó sọ̀rọ̀."

Bàlíkísù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní Ṣítù ló fi aláró tó ń ta kókó saṣọ, ọ̀kan fún pupa, méjì fún àwọ̀ ewé, ṣe àwàdà lọ́dọ̀ àwọn, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, òun sì rántí ọwọ́ mi létí aṣọ lọ́jọ́ náà. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ.

"Mò ń retí kí ẹ sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ẹ kò sọ, mo ní kí n kúkú bá yín gbé e."

"Ṣé wàá lè gbé e?"

Ó ronú sí i. Ó ní, "Mo lè gbé e. Ìyá yẹn ni n kò ní lè wò lójú."

Mo dé Kambolé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo bá Ìyá Àyìnkẹ́ tó ń fi omi ṣan ìkòkò tí kò ní nǹkan kan nínú. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó ṣan ìkòkò náà tán, ó da omi rẹ̀ nù, kó tó yíjú sí mi.

Ó ní, "Oṣù márùn-ún. Mo rò pé ojú rẹ kò rí ọ̀nà Kambolé mọ́ ni."

Mo sunkún. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní òun ti dárí jì mí kí ọkọ̀ tó gbé òun kúrò ní Sokodé, pé ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Ó ní, "Gbangba lo ti sọ ojú mi di bàìbàì. Ẹkún inú ẹrẹ̀ kò lè tún un ṣe. Gbangba náà ni kí o ti sọ ọ́." Mo ní n óò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun máa bá mi tọrọ ọmọ náà, torí ó wu òun, kì í ṣe nítorí mi.

Ó sì lọ, ó bá Àlàájì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, wọ́n sì dá ọjọ́ yìgì. Ọjọ́ náà, àgbàlá Komah kún. Àwọn ará Kambolé wá, ọ̀gá mi àti àwọn olùkọ́ Tchamba wá, àwọn aláṣọ ọjà Sokodé wá, púpọ̀ nínú wọn sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ àṣà. Lèmọ́mù ti jókòó. Mo wọ agbádá funfun, ìtìjú kò mọ agbádá. Ìyá Àyìnkẹ́ dìde láàrin àwọn obìnrin, ó mú aṣọ méjì jáde nínú àpò rẹ̀, aṣọ tuntun, ó di ọ̀kan mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó di èkejì mú ní ọwọ́ òsì. Kò ta kókó sí èyíkéyìí.

Ó ní, "Hàrúnà, èwo ni pupa?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Ìyá."

"Àwọn ará ẹ̀yìn kò gbọ́."

Mo gbé ohùn sókè. "N kò mọ̀. Ojú mi ni kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ àṣà, èmi ni mo to aṣọ náà. Ojú ìyá mi dá ṣáṣá. Mo pa irọ́ mọ́ wọn."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ láàrin àwọn olùkọ́. Ìyá ṣì na aṣọ méjèèjì, ó ń dúró de ìdáhùn bí ẹni tí kò mọ ọ́n. Nígbà náà ni ohùn kan dáhùn láti inú ìloro, níbi tí wọ́n fi ìyàwó pa mọ́ sí.

Bàlíkísù ní, "Ti ọwọ́ òsì ni."

Ìyá Àyìnkẹ́ mi orí. Ó kó aṣọ méjèèjì lé mi léjìká, ti òsì sí òsì, ti ọ̀tún sí ọ̀tún, ó ní kí n jókòó kí wọ́n lè so yìgì.